Ìbọn Inú Ilé: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Mi ò mọ ibi tí kálukú yín ti ń gbọ́ mi. Bóyá Houston ni, bóyá Peckham ni, bóyá Brampton ni. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tí ẹ sì ń fi Yorùbá tí màmá yín fi tọ́ yín dàgbà tẹ̀ lé ètò yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn inú ilé ni. Mi ò sọ ti adigunjalè, mi ò sọ ti ológun. Ìbọn tí bàbá ẹnì kan lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù, tó kọ orúkọ sílẹ̀, tó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó gbé e délé, tó wá tì í bọ abẹ́ fóòmù. Ìbọn tí ìyá ẹnì kan ń gbé sínú báàgì torí pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ìbọn tó wà lókè wọ́dúróòbù, lẹ́yìn àpótí tí wọ́n kó aṣọ òkè sí. Irú ìbọn yẹn ni mò ń wí.

Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá kéèyàn ní ìbọn tàbí kó má ní. Ìyẹn wà lọ́wọ́ onílé àti òfin ibi tó ń gbé. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo gbé wá. Níbo ló wà? Ṣé wọ́n tì í? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ilé tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìbọn ibẹ̀ ò tíì sí ní ìpamọ́. Ó kàn wà nílé ni.

Ẹ lè máa bi mí pé, kí ló dé tí mi ò bá àwọn bàbá sọ ọ́, tó fi jẹ́ ẹ̀yin ọmọ ni mo pè jókòó? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ń ka lẹ́tà ìjọba fún wọn. Ẹ̀yin lẹ bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú, ẹ̀yin lẹ ń ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Òfin ìbọn náà, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ìdí kejì ni pé àwọn àbúrò yín wà nínú ilé yẹn, àwọn mìíràn nínú yín sì ti ní ọmọ tiyín tí ẹ ń gbé lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà lọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ gbà kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Apátí ni ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó lè pani, a kì í bá a ṣeré, ì báà jẹ́ pé wọ́n sọ fún wa pé kò lè yìn. Ẹ rí i pé ìmọ̀ràn ìpamọ́ ìbọn kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yàtọ̀. Ìbọn tí àwọn bàbá ńlá wa tó jẹ́ ọdẹ ń lò, ṣakabùlà ni. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á kó ọta sí i, á tún kì í. Kó tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Tó bá gbé e kọ́ ara ògiri láìkì, ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ṣe é ní ohunkóhun. Ìbọn ìléwọ́ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọta bá ti wà nínú rẹ̀, ìka kan ló kù. Nítorí náà, àṣà kí a gbé ìbọn kọ́ ògiri tàbí kí a fi sí àjà kò bá ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ní Texas mu. Ìbọn ti yí padà, ó yẹ kí ọ̀nà ìpamọ́ náà yí padà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òfin. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní òfin tó sọ fún gbogbo onílé pé kí wọ́n máa ti ìbọn wọn mọ́ inú àpótí. Ohun tó wà ni òfin ọdún 2005, tó ní ẹni tó gba láísẹ́ńsì láti máa ta ìbọn gbọ́dọ̀ rí i pé ìbọn ìléwọ́ tó bá tà fún èèyàn ní ohun tí wọ́n fi ń tì í. Ìyẹn ni pé àgádágodo kékeré kan wà nínú páálí ìbọn tí dádì rà. Ẹ lọ wò ó. Nínú ilé púpọ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Òfin kan náà tún fi ẹ̀bùn kan kún un: tí onílé bá ti ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ẹni tí kò fún láṣẹ wá gbé e lọ ṣe aburú, òfin dáàbò bo onílé náà lọ́wọ́ ẹjọ́ owó gbà-má-bínú. Ẹni tí kò tì í kò ní ààbò yẹn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tún sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ní ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, bíi kíkọ́ bí a ṣe ń yìn ín pẹ̀lú ìwé àṣẹ òbí.

Èyí tó kù, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà, torí wọ́n á kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, wọ́n á rò pé òfin kan náà ni.

Florida ló kọ́kọ́ ṣe òfin tó mú àgbàlagbà tí ọmọdé bá rí ìbọn rẹ̀ gbé, ní ọdún 1989. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni òfin náà dá lé lórí. Ní Texas, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí ní Houston àti Dallas, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi ìbọn tó ti ṣetán láti yìn sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè rí i gbé. Ní New York, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ń gbé nínú ilé, ìbọn tí onílé kò bá mú dání gbọ́dọ̀ wà ní títì. Wọ́n fi ọdún náà sí 16 tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n gbé e sókè ní 2022. Òfin ọdún yẹn kan náà ní èèyàn kò gbọdọ̀ fi ìbọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, àyàfi tó bá ti yọ ọta kúrò, tó tì í mọ́ inú àpótí, tí ojú ará ìta kò sì tó o. Ní Maryland, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 náà ni òfin ń wò báyìí.

Massachusetts le ju gbogbo wọn lọ. Níbẹ̀, ọmọ wà nílé o, ọmọ ò sí nílé o, ìbọn tí kò bá sí lára ẹni tó ni ín tàbí ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí títì, tàbí kó ní ohun tí wọ́n fi tì í tí ẹlòmíràn kò lè fi yìn ín. Oregon náà ṣe irú rẹ̀ ní 2021, wọ́n sì fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá jí ìbọn rẹ̀ gbé gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 72.

Georgia wá ńkọ́, níbi tí àwọn ará Atlanta wà? Kò sí irú òfin ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rí i, tiwa ò kan ìyẹn." Ẹ dúró ná.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan gbé ìbọn ìléwọ́ lọ sí ilé ìwé girama ní Oxford, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ó pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ ló ra ìbọn náà, kò ju ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Michigan kò ní òfin ìpamọ́ ìbọn nínú ilé rárá. Síbẹ̀, wọ́n gbé bàbá àti ìyá lọ sí kóòtù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn adájọ́ ará ìlú dá ìyá lẹ́bi, lẹ́yìn náà wọ́n dá bàbá lẹ́bi, ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni òbí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn nítorí ìpakúpa tí ọmọ wọn ṣe nílé ìwé.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń fà yọ níbẹ̀. Òfin tí wọ́n fi mú wọn kì í ṣe òfin ìpamọ́ ìbọn. Òfin ìpànìyàn tó ti wà látayébáyé ni. Nítorí náà, tí ìpínlẹ̀ yín kò bá ní òfin ìpamọ́, ìyẹn ò ní kí ọwọ́ òfin má tó yín. Ìjàǹbá ló máa ń ṣẹlẹ̀ kí olùpẹ̀jọ́ tó wá òfin tó máa lò.

Michigan wá ṣe òfin tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2024. Ó ní tí onílé bá mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wà nílé tàbí ó ṣeé ṣe kó wá, kí ó ti ìbọn mọ́ inú àpótí, tàbí kó yọ ọta kúrò kó sì fi àgádágodo tì í. Tí ọmọ bá rí i gbé tí ẹ̀mí sì bọ́, ẹ̀wọ̀n náà lè tó ọdún 15. Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn: "tó ṣeé ṣe kó wá." Ọmọ àlejò wà nínú ìyẹn. Ọmọ àbúrò yín tó máa ń wá lọ́jọ́ ìsinmi wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé àwọn òfin wọ̀nyí tako ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún aráàlú láti ní ìbọn. Ní 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Heller. Wọ́n fagi lé òfin Washington, D.C., tó ní kí ìbọn inú ilé wà ní títú palẹ̀ tàbí ní títì nígbà gbogbo, torí kò jẹ́ kí onílé lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà sọ pé òun kò fi ìyẹn sọ pé àwọn òfin ìpamọ́ tó wà láti dènà ìjàǹbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn àti ojúṣe láti tọ́jú rẹ̀ lè jọ gbé inú ilé kan.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kan tó kan ilé Yorùbá gidi. Màmá àgbà fi físà àbẹ̀wò wá láti Ìbàdàn, wọ́n wá bá ìyàwó yín wẹ ọmọ. Wọ́n máa wà níbẹ̀ oṣù mẹ́ta, mẹ́fà. Wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń to aṣọ. Ní ọjọ́ kan, ọwọ́ wọn kan nǹkan tó tutù lábẹ́ ìrọ̀rí. Yàtọ̀ sí pé ó lè yìn mọ́ wọn lọ́wọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó bá wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti ìgbélùú kò gbọdọ̀ ní ìbọn ní ìkáwọ́, àyàfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀, bíi kó ní láísẹ́ńsì ọdẹ. Àwọn ọmọ tó wá fi físà kàwé náà wà nínú òfin yìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn há màmá lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá yín tọ́jú ilé. Ẹ sì má gbàgbé pé ìdálẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìbọn lè já sí lílé kúrò nílùú fún ẹni tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀, kódà bó ní káàdì ewé.

Ó yá, ẹ̀yin ará Britain, ẹ má rò pé eré lẹ wá wò. Lóòótọ́, ìbọn kò pọ̀ nílé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù Kẹta ọdún 1996, ìjọba fòfin de ìbọn ìléwọ́ ní 1997. Ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ àti ráífù ṣì wà fún ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ọdún márùn-ún ni ìwé náà sì máa ń lò. Kí wọ́n tó fún un, ọlọ́pàá á wá sílé, á wo ibi tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí. Òfin ní kó wà ní ìpamọ́ nígbà gbogbo, lọ́nà tí ẹni tí kò ní àṣẹ kò fi ní lè dé ìdí rẹ̀, débi tí agbára onílé bá mọ. Kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ibi tó máa ya àwọn òbí wa lẹ́nu rèé: ní Britain, ìyàwó ilé tí kò ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ní àǹfààní sí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Nílé Yorùbá, ìyá ló ń mú gbogbo kọ́kọ́rọ́ dání, títí kan ti ilé oúnjẹ. Ìyìí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ló ni ín.

Ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ń fi ṣeré lẹ́yìnkùlé wá ńkọ́? Láti 2011, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní England àti Wales kí onílé má ṣe ohun tó yẹ láti mú kó jìnnà sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ní Scotland, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gan-an ti nílò ìwé ẹ̀rí láti òpin ọdún 2016.

Canada dà bí ẹni wà láàárín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ní láísẹ́ńsì. Ìbọn ọdẹ lásán gbọ́dọ̀ wà láìní ọta nínú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi àgádágodo tì í, tàbí kí ẹ yọ irin ìdí rẹ̀ tí kò fi ní lè yìn, tàbí kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí tàbí yàrá tí kò rọrùn láti fọ́. Ọta rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, àyàfi tí òun náà bá wà ní títì. Ìbọn ìléwọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹ fi àgádágodo tì í, kí ẹ tún tì í mọ́ inú àpótí, tàbí kó wà nínú sééfù gidi. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba ti dá títa ìbọn ìléwọ́ fún ọ̀pọ̀ aráàlú dúró. Ẹni tó bá fi ìwà àìbìkítà tọ́jú ìbọn lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 2 nígbà àkọ́kọ́.

Mo ti sọ ti òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn òfin, torí òun ló gbé mi wá síbí.

Láti ọdún 2020, ìbọn ló ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó ju ìjàǹbá ọkọ̀ lọ, ó ju àìsàn jẹjẹrẹ lọ. Nínú gbogbo ikú ìbọn tó ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn, àwọn tó fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ju ìdajì lọ. Mo mọ̀ pé ilé wa kì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé níbí mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn, tí kò sì sùn lóru. Àwọn mìíràn nínú yín, ẹ̀yin gan-an ni.

Ohun tí àwọn oníṣègùn rí ni pé èrò láti pa ara ẹni sábà máa ń dé bí ìjì: ó máa ń gbóná, ó sì máa ń lọ. Ẹni tó bá kọjá wákàtí yẹn lè gbé ayé pẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í fúnni ní àyè àtúnṣe. Nínú mẹ́wàá tó bá fi ìbọn gbìyànjú rẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló ń kú. Nítorí náà, àgádágodo yẹn, àkókò ló ń rà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kọ́kọ́rọ́ fi di àwátì lè jẹ́ ìṣẹ́jú tí màmá fi kan ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ pé ìwọ tó ń gbọ́ mi ni ọkàn rẹ wúwo, jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan lónìí. Ní Amẹ́ríkà àti Canada, pe 988. Ní Britain, pe Samaritans lórí 116 123. Kì í ṣe ìtìjú, a fẹ́ kí o wà láàyè.

Ní 2005, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní JAMA. Wọ́n fi ilé tí ọmọ ti fi ìbọn ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe wé ilé tí irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí ohun mẹ́rin tó bá ààbò rìn: kí ìbọn wà ní títì, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí ọta náà wà ní títì, kí ọta àti ìbọn má gbé ojú kan náà. Kò sí èyí tí kò wúlò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká sééfù olówó ńlá, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí àgádágodo tó wà nínú páálí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá máa ń fún aráàlú ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì fọkàn tán ibi ìfarapamọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rántí: ibo ni màmá ń fi bísíkíìtì pamọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ mọ ibi tí owó wà, ẹ mọ ibi tí ẹ̀bùn Kérésìmesì wà. Ọmọ tó mọ ìyẹn mọ ibi tí ìbọn wà. Tó bá jẹ́ àpótí onínọ́ńbà ni dádì rà, kó má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe nọ́ńbà rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni gbogbo àwọn òbí wa ń fi ṣe gbogbo nǹkan, títí kan fóònù.

Ẹ tún ronú nípa òde àríyá. Ìkómọ, ọjọ́ ìbí, ògójì ọdún. Àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì àti orin, àwọn ọmọ ti gòkè lọ sí yàrá, níbi tí wọ́n kó kóòtù àlejò jọ sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló wà pẹ̀lú wọn? Kí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn? Kí ọmọ yín tó lọ sùn nílé ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ yìí máa ń tú ilé o. Ṣé ìbọn wà nílé? Ṣé ẹ ti tì í?" Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ kó bínú. Inú bíbí máa ń rọlẹ̀.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa bá dádì sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní wọlé kí ẹ máa ka òfin lé wọn lórí. Bàbá Yorùbá ni wọ́n. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn. Ẹ dúró kí wọ́n jẹun tán. Kí ẹ wá sọ pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mi ò sọ pé kí ẹ ta nǹkan yẹn. Mo mọ̀ pé nítorí wa lẹ ṣe rà á. Àmọ́ òfin ibí ti yí padà, wọ́n sì lè mú yín tí ọmọ bá fọwọ́ kàn án. Mo ti ra àpótí kan, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e síbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ nọ́ńbà rẹ̀." Ẹ ò rí i? Ẹ ò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ ni.

Tí wọ́n bá ní, "Tí olè bá wá ńkọ́, kí n tó ṣí àpótí?" ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé àpótí kékeré wà tó ń ṣí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí ìka. Kí ẹ sì fi kún un pé olè lè má wá láéláé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà nílé lójoojúmọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè òfin ibí, ẹ̀yin náà ti di àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ wo òfin ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, torí wọ́n ń yí i padà léraléra. Tí ẹjọ́ bá sì ti wà nílẹ̀, lọ́yà ni kí ẹ lọ bá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé, kí ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Níbo ló wà? Ṣé ẹ tì í? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ó dàbọ̀ o.